TA NI ALÁṢẸ? ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀṢẸ GÍGA NÍNÚ ÒṢÈLÚ, ÒFIN ÀTI ÀWÙJỌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀ pọ̀. Òun ni èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní sovereignty. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ òṣèlú ń gbọ́ ọ nínú kíláàsì, ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ń gbọ́ ọ, ẹni tó ń kọ́ ìtàn náà ń gbọ́ ọ. Bí àríyànjiyàn bá sì bẹ́ sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lórí àpérò orílẹ̀-èdè, tàbí lórí bóyá kí ìran kan dá dúró, gbogbo ẹnu ni yóò máa pe ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wà lọ́kàn oníkálukú ni kò dọ́gba. Ẹnì kan ń sọ ti ìwé òfin, ẹnì kejì ń sọ ti ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́, ẹnì kẹta ń sọ ti ará ìlú. Ìjà ló máa ń dà níkẹyìn, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ là á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tí òun ń sọ àti èyí tí ẹnìkejì ń sọ.

KÍ NI Ọ̀RỌ̀ NÁÀ GAN-AN?

Yorùbá kò ṣàì ní èrò yìí kí òyìnbó tó dé. Ẹ wo bí a ṣe ń kí ọba: Kábíyèsí, aláṣẹ, èkejì òrìṣà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ àgbà ń ṣe lórí Kábíyèsí ni pé “kí a bi yín kò sí”, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti bi ọba pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tó ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, àṣẹ pọ̀ lọ súà: baálé ń pàṣẹ nínú agbo ilé, ìjòyè ń pàṣẹ ní àdúgbò, olùkọ́ ń pàṣẹ ní kíláàsì. Gbogbo wọn ni ẹnì kan wà lókè tó lè bi wọ́n léèrè. Àṣẹ tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀ mọ́ ni à ń wá. Àṣẹ gíga ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, Jean Bodin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ kíkún nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1576, nígbà tí ogun ẹ̀sìn ń tú ilẹ̀ rẹ̀ ká. Ó ní ìlú tí kò bá ní aláṣẹ kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òpin kò lè ní ìsinmi. Thomas Hobbes tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1651 pẹ̀lú èrò tó jọ èyí, nítorí òun náà rí ogun abẹ́lé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1762, Jean-Jacques Rousseau kọ ìwé tirẹ̀, ó ní ọba kọ́ ló ni àṣẹ gíga, gbogbo ará ìlú lápapọ̀ ló ni ín. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní ju ojú kan lọ.

NÍNÚ ÒṢÈLÚ: TA NI APÁ RẸ̀ KÁ ÌLÚ?

Nínú òṣèlú, àṣẹ gíga ni agbára tí ìlú kan fi ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ láìsí pé ẹlòmíràn ń pàṣẹ fún un. Ó ní ojú inú, ó sì ní ojú ìta. Ojú inú ni pé ọ̀rọ̀ ìjọba náà múlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ rẹ̀: òun ló ń gba owó orí, òun ló ni ọlọ́pàá àti ológun, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń bá a du iṣẹ́ náà. Ojú ìta ni pé àwọn orílẹ̀-èdè yòókù kà á sí ẹgbẹ́ wọn. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Montevideo ní ọdún 1933 ka ohun 4 tí ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ní kó tó lè jẹ́ orílẹ̀-èdè: àwọn ènìyàn tó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ilẹ̀ tí a mọ ààlà rẹ̀, ìjọba, àti agbára láti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní àjọṣe. Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1960. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà á wọlé.

Ìtàn Abẹ́òkúta fi hàn wá pé ojú méjèèjì yìí kò ṣeé yà kúrò lára ara wọn. Ní oṣù Kínní ọdún 1893, Gómìnà Carter ti Èkó bá Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé òyìnbó kò ní gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí i, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń pa àdéhùn náà mọ́. Láti ọdún 1898, Ẹ̀gbá ní Ìjọba Ìṣọ̀kan tirẹ̀: wọ́n ní akọ̀wé ìjọba, wọ́n ní ilé ẹjọ́, wọ́n ń gba owó ibodè. Ṣùgbọ́n nígbà tí rògbòdìyàn Ìjemọ̀ dé ní ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun ìjọba òyìnbó ni wọ́n gbà láti fi pa á, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lọ sí i. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà kò tíì parí tí òmìnira Ẹ̀gbá fi dópin, tí a sì fi í kún Nàìjíríà tí Lugard ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀. Ìwé àdéhùn wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ní láti yá ọmọ ogun aládùúgbò kó tó lè pa iná ilé rẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé aládùúgbò lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Bakassi náà kò yàtọ̀. Àwọn ọba àti ìjòyè Calabar bá òyìnbó ṣe àdéhùn ààbò ní ọdún 1884. Ní ọdún 1913, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti òyìnbó Jámánì jókòó, wọ́n pín ààlà láàárín ara wọn. Nígbà tí ẹjọ́ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù dé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, ìdájọ́ tí wọ́n dá ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002 ni pé Gẹ̀ẹ́sì ní agbára láti pín ààlà náà ní ọdún 1913, nítorí náà Kamẹrúùnù ló ni Bakassi. A fa ilẹ̀ náà lé wọn lọ́wọ́ pátápátá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Àṣẹ tí àwọn ọba rò pé àwọn ní, àwọn tó ń ka ilẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kò kà á sí. Ohun tí à ń pè ní ojú ìta nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa méjì. Ní oṣù Kejì ọdún 1990, gbèsè àti ìyanṣẹ́lódì ti mú ìjọba Mathieu Kérékou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lápá, ó sì pe àpérò ní Kútọnu. Olórí àlùfáà Àgùdà, Isidore de Souza, ni alága. Bí àpérò náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, àwọn aṣojú kéde pé àwọn gan-an ni aláṣẹ gíga, pé ìpinnu àwọn kì í ṣe ìmọ̀ràn, àṣẹ ni. Kérékou rò ó síwá sẹ́yìn, ó gbà. Wọ́n yan Nicéphore Soglo ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ, wọ́n ṣe ìwé òfin tuntun, wọ́n dìbò ní ọdún 1991, Soglo sì wọlé.

Ní ọdún 1991 kan náà, àwọn ará Tógò ṣe àpérò tiwọn ní Lomé. Àwọn náà kéde ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n yan Joseph Koffigoh ṣe olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn ológun kò sí lẹ́yìn wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun fi ìbọn ńlá kọlu ilé tí Koffigoh wà, wọ́n mú un lọ bá Ààrẹ Eyadéma. Eyadéma kò sì kúrò lórí àlééfà títí ikú fi dé ní ọdún 2005. Ìkéde kan náà ni Kútọnu àti Lomé ṣe. Èyí tó mú un ṣẹ lọ́hùn-ún tí kò sì ṣẹ níhìn-ín ni bóyá àwọn tó ní ìbọn gbà láti tẹrí ba. Àṣẹ gíga nínú òṣèlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

NÍNÚ ÒFIN: Ọ̀RỌ̀ TA NI ÒPIN?

Amòfin kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ní ìbọn. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: òfin wo ni olórí gbogbo òfin, ta ni ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn lórí ẹjọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé aṣòfin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òpin. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìwé òfin ìpilẹ̀ ni. Abala 1 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé òun ga ju gbogbo òfin yòókù lọ, àti pé òfin tó bá ta kò ó di òtúbáńtẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ lórí èyí ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọkọ̀ ogun òyìnbó gúnlẹ̀ sí ọ̀sà, wọ́n sì fi túláàsì mú Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé pé òun fi Èkó fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó ṣe, ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ kan ní Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè onífìlà funfun. Wọ́n ní owó gbà-má-bínú tí yóò gbà kò ní pé, nítorí pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ti ni gbogbo ilẹ̀ láti ọdún 1861. Olóyè náà gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba níbẹ̀ dá Olúwa láre. Wọ́n ní ohun tí ìwé ọdún 1861 gbé fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ lórí ìlú, kì í ṣe ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ẹni tó ń ṣèjọba lórí ilẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń da méjèèjì pọ̀ títí di òní.

Bí a bá ní ká béèrè ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn, ẹ wo Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1962. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tó jẹ́ Gómìnà yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá nípò Olórí Ìjọba, nítorí ìwé tí ọ̀pọ̀ aṣòfin kọ sí i pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó fi Alhaji D. S. Adégbénró rọ́pò. Ilé ẹjọ́ gíga jù ní Nàìjíríà ní kò tọ̀nà, àfi bí wọ́n bá dìbò nínú ilé aṣòfin gan-an. Adégbénró gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963 sọ pé Gómìnà jàre. Kí ni àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ṣe? Wọ́n tún òfin kọ, wọ́n sì mú kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ẹ̀yìn wá, kí ìdájọ́ náà má lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí Nàìjíríà di olómìnira tí kò lọ́ba mọ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1963, a pa ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù dé. Èyí túmọ̀ sí pé fún ọdún 3 gbáko lẹ́yìn tí a gba òmìnira nínú òṣèlú, òkè òkun ni òpin ẹjọ́ wa ṣì wà.

Àwọn ológun tún fi ohun mìíràn hàn wá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, nínú ẹjọ́ Lákànmí, ilé ẹjọ́ gíga jù lábẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá sọ pé òfin kan tí ìjọba ológun ṣe láti gba dúkìá àwọn kan kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, nítorí ìwé òfin kò gbà á. Oṣù kejì kò tíì lọ jìnnà tí ìjọba Gowon fi gbé Òfin 28 ọdún 1970 jáde. Ohun tó sọ ni pé ìdìtẹ̀ gbàjọba ọdún 1966 ti ba àṣẹ àtijọ́ jẹ́, pé òfin ológun ga ju ìwé òfin lọ, àti pé ìdájọ́ tó bá ta kò ó kò jámọ́ nǹkan. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, ọdún 1993, nígbà tí Adájọ́ Dọ̀lápọ̀ Akínsànyà ní Èkó sọ pé ìjọba fìdíhẹ Shónẹ́kàn kò bófin mu. Ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gágun Abacha gbàjọba. Òfin ní ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí alágbára bá gbà láti gbọ́.

NÍNÚ ÀWÙJỌ: TA NI Ó NI ỌBA?

Nínú àwùjọ, ìbéèrè náà yí padà: ta ni ó fún aláṣẹ ní àṣẹ, ta ni ó sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ìwé òfin 1999 dáhùn ní abala 14: ọmọ Nàìjíríà ló ni àṣẹ gíga, lọ́wọ́ wọn ni ìjọba sì ti ń gba gbogbo agbára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e sí. Orí Kejì ìwé náà ni, abala 6 sì ti sọ pé ilé ẹjọ́ kò lágbára láti dájọ́ lórí ohun tó wà nínú Orí Kejì. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àwa ènìyàn Nàìjíríà”, bẹ́ẹ̀ ìjọba ológun Abdulsalami Abubakar ló fi Òfin 24 ọdún 1999 gbé e jáde. A kò dìbò lé e lórí.

Àwọn baba wa kò fi irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìní bí yóò ṣe ṣẹ. Bí a tilẹ̀ ń kí Aláàfin ní Kábíyèsí, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè 7 tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ló ń yan ọba, àwọn náà ló sì lè kọ̀ ọ́. Bí ìwà ọba bá ti kọjá àfaradà, tí àmì ìkọ̀sílẹ̀ sì dé iwájú rẹ̀, kò sóhun tó kù ju kó wàjà lọ. Nítorí náà, ẹni tí a kì í bi léèrè ní ẹni tó ń bi í. Síbẹ̀, ìlànà yìí náà ní àléébù. Láti ọdún 1754 ni Baṣọ̀run Gáà ti sọ ọ́ di ohun ìkà: ọba lórí ọba ló rán lọ sọ́run, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Ẹni tó ń ṣọ́ ọba náà yẹ ní ẹni tí à ń ṣọ́.

Ní òde òní, ìbò ni igbá tí ará ìlú fi ń yan ọba tí wọ́n sì fi ń kọ ọba. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, àwọn ènìyàn sọ ti ẹnu wọn, ìjọba Babangida sì fagi lé e. M. K. O. Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé ní oṣù Keje ọdún 1998. Ọdún 2018 ni ìjọba tó sọ ọjọ́ náà di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa. Ó gba ọdún 25 kí aláṣẹ tó jẹ́wọ́ pé ará ìlú sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń gba àṣẹ yìí lọ́wọ́ wa, àwa náà ń jù ú nù. Abala 69 fún ará ìlú lágbára láti pe sẹ́nétọ̀ wọn padà sílé, bí ó bá ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, níbi tí àwọn ará wa Òkun wà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn tó jáde wá jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé wọn kò ju nǹkan bíi 5 nínú 100 lọ nínú gbogbo olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀. Nínú ìbò Ààrẹ ọdún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò kò pé mílíọ̀nù 26. Bí onílé bá kó kúrò nílé, kò yẹ kó ya á lẹ́nu bí àlejò bá gba yàrá rẹ̀.

KÍ NI ÈYÍ KÀN WÁ SÍ?

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ti rí báyìí: ta ni apá rẹ̀ ká ìlú, ọ̀rọ̀ ta ni òpin nínú òfin, ta ni ó fúnni ní àṣẹ? Ìlú tó bá tòrò ni ìlú tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni wàhálà ti ń wá.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde ní ìpàdé tó ní kí a pe àpérò tó ní àṣẹ gíga, ẹ bi í ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpérò ọdún 2014 lábẹ́ Adájọ́ Kutigi ní aṣojú 492, wọ́n sì ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni wọ́n gbà, kì í ṣe àṣẹ ni wọ́n pa. Bí ẹlòmíràn bá sì ní kí ìran wa dá dúró, a kò ní kó má sọ èrò rẹ̀. Kó kàn ṣàlàyé ohun tí yóò ṣe sí abala 2 tó sọ pé Nàìjíríà kò ṣeé pín, àwọn orílẹ̀-èdè tí yóò kà á sí, àti ọ̀nà tí àwọn ará ìlú fúnra wọn yóò gbà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá ní ìrètí pé Nàìjíríà yóò wà ní ọ̀kan náà ní ìdáhùn láti fún wa: ìgbà wo ni abala 14 yóò di ohun tí a lè gbé lọ sí ilé ẹjọ́? Irú àríyànjiyàn báyìí kì í dìjà, ìmọ̀ ló ń bí.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé Abuja nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìpàdé gbogbogbò ló ga ju ìgbìmọ̀ aláṣẹ lọ. Bí a kò bá wá sí ìpàdé, tí a kò ka ìwé òfin ẹgbẹ́, tí a kò sì béèrè ìṣirò owó, a ti fi ọwọ́ ara wa sọ alága di Gáà. Ibi tí a ti ń kọ́ bí a ti ń di àṣẹ mú nìyí, kí a tó padà sílé lọ bá ti ìlú àti ti orílẹ̀-èdè.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Elédùmarè fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí í ṣe tiwa, kó sì fún wa lágbára láti lò ó. Àṣẹ.